Ṣé dandan ni kí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé obìnrin tó ń bímọ?

Ọlọ́bì Mákùn:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúnlẹ̀ rí, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ mi tó pé.

Oyún kejì ló wà nínú mi, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Obì ni mò ń tà ní Ṣágámù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ obì mọ̀ pé orí ìjókòó ni gbogbo rẹ̀ wà: èèyàn á ti jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, á máa bó o, á máa ṣà á, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀, èyí tó dáa lọ́tọ̀, á fi ewé bò ó kó má bàa gbẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n gé mi lẹ́nu ojú ara. Mi ò dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé ìrọbí náà pẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ pé nǹkan ń ṣe ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n púùṣì, mo púùṣì, wọ́n ní orí ti ń yọ. Bí mo ṣe ń mí láti tún púùṣì ni mo gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí. Ìró yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó mọ ìrora ẹ̀. Ẹnì kankan ò sọ fún mi pé "a fẹ́ gé ọ o". Ìgbà tí wọ́n máa rán an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún mi lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò sì tíì mú ibẹ̀ kú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Mo lọgun. Èyí tó gé mi ní, "Ṣé bó o ṣe pariwo nìyí nígbà tó ò ń gba oyún?"

Lọ́jọ́ kejì mo bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀. Wọ́n ní, "Àkọ́bí ni. Gbogbo àkọ́bí la máa ń gé." Nígbà tá a fẹ́ lọ sílé, owó ìránbẹ̀ wà lórí ìwé owó tí wọ́n kọ fún ọkọ mi, lọ́tọ̀ sí owó ìgbẹ̀bí. Ọmọ ti tó rìn kí n tó lè jókòó sórí àpótí bí èèyàn gidi. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń fi jókòó. Ti ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá bi nọ́ọ̀sì kan ní kíláàsì aboyún níbi tí mo ti gba káàdì báyìí, ó ní ẹni tí wọ́n bá ti gé rí, wọ́n máa ń tún un gé ni, torí àpá kì í fẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé Òde-Rẹ́mọ gbọ́, wọ́n ní kí n wá bímọ nílé ìgbẹ̀bí ìjọ tó wà ládùúgbò wọn, pé látọjọ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ wọn ò gbé irin kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní irọ́ ni, pé wọ́n máa ń gé èèyàn lọ́dọ̀ àwọn náà, àmọ́ tó bá di dandan nìkan, wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè.

Èwo ni kí n gbà? Ṣé ó pọn dandan? Ṣé òótọ́ ni ti àpá yẹn? Tí mo bá sì ní mi ò fẹ́, ṣé wọn ò ní lé mi jáde?

Ìyá Ìfẹ́, Ìpẹru:

Ẹ kú ìnira, àǹtí. Ọlọ́run á sọ̀ yín láyọ̀. Èmi ò ní ìmọ̀ nọ́ọ̀sì o, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Wọn ò gé mi nínú méjèèjì tí mo bí. Lórí ti àkọ́kọ́, mo fàya díẹ̀, wọ́n rán an, kò sì pẹ́ tó fi jinná. Lórí ìkejì, kò sí nǹkan kan, àfi kó máa ta mí tí mo bá ń tọ̀. Ẹni tó gbẹ̀bí mi lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó gbé aṣọ ìnura tó rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibẹ̀, nígbà tí orí sì fẹ́ jáde ó ní, "Má púùṣì mọ́, máa mí hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀." Mo ń mí, ọmọ ń bọ̀ fúnra ẹ̀. Kò kanjú rárá. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Alárè:

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, ọkùnrin ni mí. Màmá mi bí mẹ́jọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí àlùmọ́gàjí, kò sí dókítà, ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà sí oko. Àwọn obìnrin ayé òde òní ni ara wọn ò le mọ́, òun làwọn hósípítù náà ṣe ń fi wọ́n pawó. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ tẹ̀ lé ìyá ọkọ yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọlọ́bì, ọmọ mi, o kú ìnira. Wẹ́rẹ́ ni wà á bí i. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Aṣọ ọmọ ìkókó ni mò ń tà báyìí, àwọn aboyún ò sì jẹ́ kí n tà á gbádùn. Bí wọ́n ṣe ń ná fìlà lọ́wọ́ kan ni wọ́n ń fọ̀rọ̀ abẹ́ lọ̀ mí lọ́wọ́ kejì. Nítorí náà, ìbéèrè rẹ yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń dáhùn ẹ̀.

Rárá. Kì í ṣe dandan. Àkọ́bí kì í ṣe ìdí láti gé èèyàn. Àpá kì í ṣe ìdí. Ìdí gidi wà o, mo ń bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ méjèèjì tí wọ́n sọ fún ọ yẹn ò sí lára wọn.

Ibi tí àṣà gígé ti wá ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìwà ìkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1742, Fielding Ould, agbẹ̀bí kan ní Dublin nílẹ̀ Ireland, kọ ọ́ sínú ìwé pé tí orí ọmọ bá há sẹ́nu ọ̀nà tí kò lè jáde, èèyàn lè gé ẹran ibẹ̀ díẹ̀. Orí tó há ló ń sọ. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di 1920, tí Joseph DeLee, dókítà agbẹ̀bí tó lókìkí ní Chicago, fi dìde pé ìbímọ fúnra ẹ̀ ń ba ìyá àtọmọ lára jẹ́, pé kí wọ́n kun obìnrin lóorun, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì fi forceps, irin bí ẹ̀mú tí wọ́n fi ń di orí ọmọ mú, fa ọmọ jáde. Àwọn dókítà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú tí irin gé tọ́ọ́rọ́ rọrùn láti rán ju èyí tó fàya wúruwùru, àti pé gígé kì í jẹ́ kí ìfàya dé ihò ìdí. Bó ṣe wọ inú ìwé nìyẹn, tí wọ́n sì fi kọ́ àwa náà: ẹni tó ń bí àkọ́bí, ẹ gé e. Bí wọ́n bá ti kọ "àkọ́bí" sórí fáìlì, àlùmọ́gàjí ti wà nínú àwo nìyẹn kí obìnrin náà tó gorí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Ní 1983, Thacker àti Banta ní Amẹ́ríkà kó ohun tí wọ́n ti kọ lórí ẹ̀ láti 1860 títí dé 1980 jọ, wọ́n wá ẹ̀rí títí, wọn ò rí i. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ti Argentina, tí wọ́n gbé jáde ní 1993. Obìnrin 2,606 ni. Wọ́n pín wọn sí méjì: apá kan, kí wọ́n máa gé wọn bí àṣà, apá kejì, kí wọ́n má fọwọ́ kan irin àfi tí ọ̀ràn bá le. Ní apá àkọ́kọ́ wọ́n gé nǹkan bí 83 nínú 100, ní apá kejì 30 péré. Ìfàya tó dé ihò ìdí ńkọ́? Kò pọ̀ sí i ní apá kejì. Àwọn apá kejì yìí náà ni ìrora wọn dín kù, tí ojú egbò wọn sì tètè jinná. Nígbà tí wọ́n tún kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ ní 2017, wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n bá ti fi gígé mọ sí ìgbà tó bá di dandan, ìfàya ńlá fi nǹkan bí 30 nínú 100 dín sí ibi tí wọ́n ti ń gé gbogbo èèyàn. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere: kí wọ́n má fi gígé ṣe àṣà fún obìnrin tó ń bí fúnra ẹ̀.

Ọlọ́bì ni ọ́, èyí á tètè yé ọ. Gbànja tó o bá fọwọ́ là, ojú ibi tó ti fẹ́ là tẹ́lẹ̀ ló máa gbà. Èyí tó o bá ki ọ̀bẹ bọ̀, ibi tí ọ̀bẹ bá dojú kọ ló máa gbà, ì báà ṣe àárín awẹ́. Ara obìnrin náà nìyẹn. Ìfàya tó wá fúnra ẹ̀, awọ nìkan ni nígbà míì, a ò tiẹ̀ ní rán an. Gígé ò mọ awọ yàtọ̀ sí iṣan. Ó kéré tán, ó ti dọ́gba pẹ̀lú ìfàya onípele kejì, èyí tó wọnú iṣan. Ìpele kẹta ló ń dé iṣan tó ń pa ihò ìdí dé, ìkẹrin á já wọnú ìfun gan-an. Ìkẹta àti ìkẹrin là ń sá fún.

Ẹ̀yin Ọmọ Alárè, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ padà sílé ẹ lọ bi màmá yín léèrè, tí wọ́n bá máa dá yín lóhùn, iye nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí kò lè wúkọ́ láàárín àwùjọ kí ìdí wọn má tú wọn fó. Wọ́n fàya, ẹnikẹ́ni ò rán wọn, wọ́n gbé e sára dọjọ́ ogbó, wọn ò sì sọ fún ọmọ wọn ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ ara líle kọ́.

Ó yá, ìgbà wo ni gígé tọ́? Tí ìlù ọkàn ọmọ bá ń lọ sílẹ̀ tí kò gbérí mọ́, tí orí sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àyè fún sùúrù, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó ké àti ọmọ tí ò ké. Tí wọ́n bá fẹ́ fi forceps fa ọmọ, tàbí ẹ̀rọ tó ń fà á lórí tí wọ́n ń pè ní vacuum, pàápàá lára ẹni tí kò bímọ rí, ó lè pọn dandan. Tí èjìká ọmọ bá há lẹ́yìn tí orí ti jáde, egungun ló há an, gígé ò ní tú egungun sílẹ̀, àmọ́ agbẹ̀bí lè nílò àyè tí ọwọ́ ẹ̀ máa gbà wọlé. Ìdí kẹrin la kì í fẹ́ sọ níta: obìnrin tí wọ́n dábẹ́ fún ní kékeré. Tí wọ́n bá gé púpọ̀, àpá ibẹ̀ máa ń le, kì í fẹ̀ bí ara tó kù. Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ṣe é fún. Òfin ti ta kò ó ní Nàìjíríà láti 2015, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti dá lábẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn ló ń bímọ báyìí. Irú àpá yẹn ni kí nọ́ọ̀sì wò nígbà tó o bá lọ sí ìtọ́jú aboyún, kó má jẹ́ ọjọ́ ìrọbí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí i. Àpá gígé ti ìgbà àkọ́bí rẹ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n gé nígbà àkọ́bí ló bí ìkejì láìsí pé wọ́n fọwọ́ kan irin.

Tó bá sì wá di dandan, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é wà. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ, kó o ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú ṣáájú irin, kí wọ́n dúró kó mú ọ. Kí wọ́n má tètè gé. Orí gbọ́dọ̀ ti yọ débi tí kò padà sẹ́yìn mọ́ láàárín ìrọbí kan sí èkejì, torí ẹni tó bá gé ṣáájú ìgbà yẹn ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lásán ni. Kí wọ́n gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó yà kúrò ní àárín tó nǹkan bí ìwọ̀n igun (degree) 60, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tààrà. Èyí tó lọ tààrà ló sábà máa ń ya dé ihò ìdí. Kí wọ́n tó rán an, kí wọ́n fi ìka wo ihò ìdí, kí wọ́n sì tún wò ó tí wọ́n bá rán an tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí, ìka yẹn, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ohun tá a pè ní ìpele kejì jẹ́ ìkẹta. Ẹni tó bá jẹ́ ìkẹta, kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló máa rán an, dókítà tó mọ̀ ọ́n ni, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé.

Èyí tí wọ́n ṣe fún ọ, pé wọ́n rán ọ kí abẹ́rẹ́ tó mú, tí wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ gún ọ, kì í ṣe ìtọ́jú. Mo ti gbọ́ gbólóhùn "nígbà tó ò ń gba oyún" yẹn lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó pọ̀, etí mi ò sì lè gbà á títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyàwó Àlùfáà:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ rọ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo bí mẹ́ta sí. Wọn kì í kanjú, wọn kì í búni, wọ́n á fòróró pa ọ́ lára, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á jẹ́ kó o rìn, kó o kúnlẹ̀, kó o dìde. Kò sẹ́ni tó gbé irin sí mi. Ohun tí àǹtí yìí ń wá gan-an ló wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ìyàwó Àlùfáà, mi ò bá yín jà. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwa ti hósípítù wá kọ́ ọ. Jíjẹ́ kí obìnrin rìn, kó kúnlẹ̀, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dípò ká fi ẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀ ká gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, ìwádìí náà tì í lẹ́yìn; ìyẹn ń dín gígé kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfàya onípele kejì lè pọ̀ sí i díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: tí obìnrin bá fàya níbẹ̀, ta ló ń rán an? Níbi tí irin kò sí láti gé, abẹ́rẹ́ àti okùn ìránbẹ̀ kì í sí níbẹ̀ náà. Mo ti gba àwọn tí wọ́n gbé wá látibẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n fi ìrépé aṣọ dí wọn lábẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ náà gbindin. Àwọn míì ò wá rárá, wọ́n ní "á jinná". Ó jinná lóòótọ́, àmọ́ ó jinná gẹ́gẹ́ bó ṣe ya. Tí ọmọ bá sì dé tí kò ké, àdúrà nìkan kọ́ la máa nílò, a máa nílò ohun tá a fi ń fún un ní atẹ́gùn. Nítorí náà, Ọlọ́bì, ìyá ọkọ rẹ ò ṣìkà, ìfẹ́ ni. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ lé ọ lọ síbi tó o ti gba káàdì, kí wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ wọn bá ọ wọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní kí aboyún ní ẹni tó bá yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà ìrọbí.

Ìbéèrè rẹ nípa kí wọ́n lé ọ jáde: Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń tọ́jú, àti ewu tó wà níbẹ̀, ó sì ní ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba gbé jáde ní 2018 tún tẹnu mọ́ ọn. Àmọ́ má dúró dìgbà tí ìrọbí bá gbóná kó o tó máa fa òfin yọ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òfin nígbà yẹn. Bá mátírọ́ọ̀nù sọ ọ́ nísinsìnyí, lójú gbogbo wọn, lóhùn pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n gé mi nígbà àkọ́kọ́, ó pọ́n mi lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ àfi tí nǹkan bá ń ṣe ọmọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi kẹ́ ẹ tó ṣe é." Kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì rẹ. Sọ fún ọkọ rẹ náà, kó lè bá ọ rántí ẹ̀.

Ọlọ́bì Mákùn:

Ẹ ṣeun gan-an ni Màmá, ẹ̀mí yín á gùn. Ọkọ mi jókòó tì mí tó ń kà á, ó ní kí n bá òun kí yín. Ẹ má bínú, ó ku méjì. Kí ni mo lè máa ṣe láti ìsinsìnyí kí ara ibẹ̀ rọ̀? Àti omi gbígbóná. Ìyá mi fi mí jókòó lé e nígbà àkọ́kọ́, omi tó ń hó, wọ́n da Dettol àti álọ́ọ̀mù sí i. Èwo ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Kí Dádì Àkọ́bí fún mi, ó ṣe dáadáa.

Láti bí ọ̀sẹ̀ 35, o lè máa fi òróró tí kò ní òórùn dídùn nínú wọ́ ibẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó tó. Gé èékánná, fọ ọwọ́, ki àtàǹpàkò bọ ẹnu ojú ara díẹ̀, kó o rọra tì í sísàlẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wà á fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ń nà, kó o dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kó o tú u sílẹ̀. Tí ikùn ò bá jẹ́ kọ́wọ́ rẹ débẹ̀, ọkọ rẹ ní ọwọ́. Àwọn tí kò bímọ rí ni èyí máa ń gbà lọ́wọ́ gígé jù. Fún ẹni tó ti bímọ rí bíi tìẹ, ohun tí wọ́n rí ni pé ìrora ibẹ̀ kì í pẹ́ lára wọn lẹ́yìn ìbímọ. Tó o bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tí omi bá ti já, tàbí tí ibẹ̀ bá ń yún ọ tó ń jáde funfun, má fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ohun tí Ìyá Ìfẹ́ sọ dáa: aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́, ọwọ́ agbẹ̀bí tó ń dá orí dúró kó má já wá lójijì, kí wọ́n sì jẹ́ kó o mí jáde dípò "púùṣì! púùṣì!" tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pa lórí ẹ.

Omi gbígbóná. Háà, ẹ̀yin ìyá ilẹ̀ yìí! Omi tó ń hó ti bó àwọn kan lábẹ́, ìyẹn egbò lórí egbò. Álọ́ọ̀mù, má jẹ́ kó débẹ̀ rárá. Wọ́n ní ó ń fún ojú ara pọ̀, ó ń jó ẹran ni. Dettol náà, má dà á sí i. Omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó o lè tọwọ́ bọ̀ láìṣẹ́jú, ni kó o máa bù sí i tó o bá tọ̀ tàbí yàgbẹ́, kó o fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, má nù ún. Máa pààrọ̀ páàdì kó tó rin. Tó bá wú, aṣọ tútù lé e lórí ló ń mú un walẹ̀. Parasẹ́támọ́ọ̀lù ò burú fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Jẹ ẹ̀fọ́, mu omi dáadáa, kí ìgbẹ́ má le. Ìgbẹ́ líle ló ń dá àwọn míì lóró ju okùn lọ. Okùn yẹn á yọ́ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a kì í já a.

Tí ó bá ń rùn, tí ó ń ṣọyún, tí ara ẹ ń gbóná, tí ojú ìránbẹ̀ ṣí, tàbí tí ìdí ń tú fúnra ẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ń gba ojú ara jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o lọ, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, àwọn obìnrin ń tìjú láti sọ ọ́, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ti orí àpótí obì, má yára padà. Kí ẹlòmíràn bá ọ ṣà á fúngbà díẹ̀.

Ọlọ́bì Mákùn:

Màmá, mo lọ lónìí. Mátírọ́ọ̀nù gbọ́ mi tán, ó wo nọ́ọ̀sì tó sọ ọ̀rọ̀ àpá yẹn, kò sọ nǹkan kan fún un lójú mi. Ó yẹ ara mi wò, ó ní àpá náà rọ̀, kò sí ohun tó máa dí ọmọ lọ́wọ́. Ó ti kọ ọ́ sórí káàdì mi pẹ̀lú báírò pupa. Ó ní òun ò mọ ẹni tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà o, kí n fi káàdì lé e lọ́wọ́ kí n tó gorí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ mi ti gbà láti bá mi lọ, àmọ́ wọ́n ní òróró àwọn ń bọ̀ dandan. Ṣé wọ́n máa gbà wọ́n láàyè pẹ̀lú ìgò òróró?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Kí wọ́n fi pa ọ́ ní ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀, kò séwu. Kí wọ́n má ṣáà dà á sílẹ̀, torí ilẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí ń yọ̀ fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìyá ọkọ má lọ ṣubú lé agbẹ̀bí lórí. Tó o bá ti bí, wá sọ fún wa.